Ẹ Bi Wá, Ká Dáhùn: Ẹ̀ẹ̀rùn Ni Àbí Ìgbà Òjò La Fi Ń Lọ Wo Nátíọ́nà Páàkì?

Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin olùkà wa. Nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ nátíọ́nà páàkì, ìyẹn igbó tí ìjọba ń dáàbò bò torí ẹranko àti igi inú ẹ̀, ló pọ̀ jù, bóyá torí pé ìsinmi ń sún mọ́lé táwọn èèyàn sì ń wá ibi tí wọ́n máa kó ẹbí wọn lọ, èyí ó wù kó jẹ́ inú mi dùn sí i gan-an torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Mo ti gé àwọn tó gùn kúrú díẹ̀, mo sì ti pa àwọn tó jọra pọ̀. Ilẹ̀ olóoru nìkan la máa sọ̀rọ̀ ẹ̀, ìyẹn àwọn ibi tó jẹ́ pé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ló pín ọdún mọ́ra wọn lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú àwọn ọmọ fẹ́ lọ wo ẹranko lọ́dún yìí, ọ̀rẹ́ mi kan wá ní ká má dán an wò nígbà òjò, pé owó wa máa ṣòfò ni, pé koríko nìkan la máa rí. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ wà níbẹ̀ àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá bi mí nírú ìbéèrè yìí ni pé, kí lẹ fẹ́ rí? Torí oṣù tó dáa fún ẹni tó fẹ́ rí erin kọ́ ló dáa fún ẹni tó ń wá wọ́tàfọ́ọ̀lù, ẹni tó ń wá ẹyẹ náà sì ní oṣù tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí ni kẹ́ ẹ fi mú oṣù, ẹ má fi oṣù mú ohun tẹ́ ẹ máa rí.

Tó bá jẹ́ ẹranko ńláńlá lẹ fẹ́ káwọn ọmọ rí, erin, ẹfọ̀n, kìnnìún, erinmi, a jẹ́ pé ọ̀rẹ́ yín ò parọ́, ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló sì dáa jù. Omi ló fà á. Nígbà òjò ibi gbogbo lomi wà, kòtò kékeré ní omi, ojú ẹsẹ̀ tí ẹranko tẹ̀ mọ́lẹ̀ pàápàá ń gba omi dúró, kí ló máa wá gbé erin wá sétí odò tẹ́ ẹ jókòó sí? Àmọ́ tó bá ti tó oṣù mẹ́ta, mẹ́rin tójò ti dá, àwọn kòtò yẹn ti gbẹ, odò kéékèèké ti di iyanrìn, ó wá ku odò ńlá kan tàbí adágún omi bíi mélòó kan, gbogbo nǹkan tó ń mí nínú igbó yẹn ló gbọ́dọ̀ wá síbẹ̀, bó fẹ́ bó kọ̀. Ní Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, tó jẹ́ nátíọ́nà páàkì tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́dún 2006, odò Gaji làwọn erin máa ń rọ̀ mọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti le, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ní kéèyàn wá láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin. Ní Katavi, lórílẹ̀-èdè Tanzania, tí odò Katuma bá ti fẹ́ gbẹ tán, ṣe làwọn erinmi máa ń há ara wọn mọ́ inú ẹrẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ọ̀kan gbé àgbọ̀n lé ẹ̀yìn èkejì, àwọn akọ ń bá ara wọn jà, ariwo wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan míì.

Yàtọ̀ sí omi, koríko tún ńkọ́. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko lè ga ju èèyàn lọ kójò tó dá, kìnnìún lè sùn nítòsí mọ́tò yín báyìí kẹ́ ẹ má rí nǹkankan. Nígbà tó bá gbẹ tó sì wó, ojú á là, àwọn igi náà á ti wọ́wé, ẹ máa rí àgbọ̀nrín láti ọ̀nà jíjìn. Tẹ́ ẹ bá sì débẹ̀ tẹ́ ẹ rí ibi tí iná ti jó ilẹ̀ dúdú, ẹ má bẹ̀rù, lọ́pọ̀ ìgbà àwọn òṣìṣẹ́ páàkì ló ń dáná sun ún fúnra wọn níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí koríko ò tíì gbẹ tán, kí iná ńlá má bàa wá jó gbogbo igbó nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú. Koríko tútù á tún hù níbẹ̀ láìpẹ́, àwọn ẹranko á sì dà wá síbẹ̀ wá jẹ ẹ́.

Ohun kan ṣáá, ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn tó dáa fún ojú wa yẹn, àsìkò ebi ni fún àwọn ẹranko, ẹ máa rí àwọn tó ti rù kan eegun, ẹ lè rí òkú pàápàá. Kì í ṣe nǹkan tó yẹ kéèyàn fi pa mọ́ fọ́mọdé, àmọ́ kò yẹ kó bá wọn lójijì.

ÌBÉÈRÈ: Mo kà á níbì kan pé ẹ̀ẹ̀rùn ló wà ní Zambia lóṣù keje. Oṣù keje kẹ̀? Ṣebí àárín òjò gan-an nìyẹn. Ṣé ẹni tó kọ ọ́ ò ṣàṣìṣe ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, òótọ́ ló kọ. Òjò ilẹ̀ olóoru, ṣe ló ń tẹ̀ lé oòrùn kiri. Ibi tí oòrùn bá ti wà gbọnrangandan lórí lọ́sàn-án, ibẹ̀ nilẹ̀ ti ń gbóná jù, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gbéra lọ sókè, atẹ́gùn tó ru omi òkun á wá máa fẹ́ bọ̀ láti àríwá àti láti gúúsù, wọ́n á pàdé níbẹ̀, òjò á rọ̀. Oòrùn yìí kì í sì í dúró sójú kan, láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, apá àríwá ìlà agbedeméjì ayé ló máa ń wà, tó bá fi máa di oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ó ti rìn lọ sí gúúsù. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tójò bá ń rọ̀ lákọlákọ ní Nàìjíríà, India àti Thailand, ilẹ̀ ti gbẹ ní Zambia, ní Botswana àti ní àríwá Australia, tó bá sì dìgbà tiwọn, tiwa á gbẹ. Àwọn tó sún mọ́ ìlà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lòjò ń gba orí wọn kọjá lọ́dún, bíi Serengeti ní Tanzania, òjò gígùn láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, òjò kúkúrú lóṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá. Torí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé “oṣù kejìlá ló dáa jù láti lọ wo ẹranko”, ẹ bi í pé, níbo?

Ibi tó tún wá ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé òjò àti omi kì í fìgbà gbogbo rìn pọ̀. Ẹ wo Okavango ní Botswana, ibi tí odò ti ń tàn ká sórí ilẹ̀. Omi tó ń kún ibẹ̀, orí òkè Angola ló ti ń rọ̀, ní nǹkan bí oṣù kìíní, oṣù kejì, omi yẹn á wá máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó tó dé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé ní Botswana, ẹ sì máa rí odò tó ń kún níbi tójò ò ti rọ̀ rárá, láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ. Mosi-oa-Tunya náà nìyẹn, tí wọ́n tún ń pè ní Victoria Falls, níbi tí odò Zambezi ti ń já sílẹ̀ láàárín Zambia àti Zimbabwe. Fífẹ̀ ẹ̀ ju mítà 1,700 lọ, gíga ẹ̀ tó mítà 108. Oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, nígbà tójò ti ń dá, lomi ẹ̀ máa ń pọ̀ jù, ó máa ń pọ̀ débi pé èéfín omi á bo gbogbo ojú ibẹ̀, ẹ lè dúró sọ́ọ̀ọ́kán ẹ̀ kẹ́ ẹ má rí i, ariwo nìkan lẹ máa gbọ́, aṣọ yín á sì tutù rinrin. Tó bá tún di oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, apá ti Zambia lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán kó ku àpáta lásán. Tó bá jẹ́ èmi, oṣù kẹfà tàbí oṣù keje ni mo máa mú, omi ṣì pọ̀ dáadáa, èéfín ti rọlẹ̀, ẹ ó sì lè rí i látòkè dé ìsàlẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ò fẹ́ràn èrò, ooru ẹ̀ẹ̀rùn ò sì bá mi lára mu, mo fẹ́ràn ẹyẹ gan-an. Gbogbo èèyàn ló ń lé mi kúrò lórí ìgbà òjò. Ṣé kò sí nǹkankan tí mo lè rí ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ má dá wọn lóhùn! Ìgbà òjò tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yìí, òun ni ìgbà tí igbó ń bímọ. Àwọn tó ń ṣe ìpolówó ló sọ ẹ̀ẹ̀rùn di ọba mọ́ wa lórí, inú mi kì í sì í dùn sí i torí ohun tí èèyàn ń pàdánù pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ torí òun lẹ fẹ́ràn. Akọ ẹ̀gà tó rí ṣákálá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tójò bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹ́ ẹ̀ á di pupa rẹ́súrẹ́sú bíi pupa inú ẹyin adìyẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í hun ilé. Ẹ dúró wò ó dáadáa: ó máa fi ẹnu fa ewé gígùn ya tínrín, á fi ẹsẹ̀ kan tẹ orí ẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi, á máa fi ẹnu tì í bọ inú, á fà á jáde lódìkejì, á so ó, títí yóò fi di òrùka tó lè dúró sínú ẹ̀. Abo á wá, á yẹ ilé náà wò, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fò lọ, akọ á sì tú u palẹ̀ á tún un hun. Bákan náà, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó sá fún òtútù ní Yúróòpù máa ń wà ní gúúsù Áfíríkà láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta, ìgbà òjò tibẹ̀ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ohun tó ju ẹyẹ lọ, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta, ẹ lọ sí gúúsù Serengeti lápá Ndutu. Wildebeest, ẹranko oníwo kan tó fara jọ màlúù, tó lé ní mílíọ̀nù kan ló máa ń kóra jọ síbẹ̀ láti bímọ, torí koríko kúkúrú tó ń hù níbẹ̀, orí eérú òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ló hù sí, ó sì kún fún èròjà tí ìyá ọlọ́mọ nílò. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síra wọn, kí ọmọ lè pọ̀ ju èyí tí kìnnìún àti ìkookò lè pa jẹ tán lọ. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí á dìde láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa gbọ̀n, á ṣubú, á tún dìde, kò ní pẹ́ tó fi máa bá ìyá ẹ̀ sáré. Mi ò mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ní tó ju ìyẹn lọ.

Ní Kasanka ní Zambia, tójò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, àìmọye àdán ló máa ń wá sùn sínú igbó kékeré kan ṣoṣo torí èso tó ń pọ́n lásìkò náà, tí ilẹ̀ bá ṣú tí wọ́n bá gbéra, ojú ọ̀run á dúdú. Tortuguero ní Costa Rica, níbi tójò ti pọ̀ kọjá sísọ, oṣù keje sí oṣù kẹwàá làwọn ìjàpá òkun máa ń wá yé ẹyin sí etíkun ibẹ̀ lóru. Àti Anavilhanas ní Brazil, lórí odò Rio Negro: tómi bá kún, ní nǹkan bí oṣù kẹfà, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa fi gba àárín orí igi kọjá, ẹja ń jẹ èso lábẹ́ yín níbi tí èèyàn máa ń fẹsẹ̀ rìn nígbà tómi bá fà.

Ẹ kàn mọ̀ pé ẹ máa tutù. Ẹ mú ẹ̀wù òjò tó dáa, ẹ má gbára lé agbòòrùn nínú igbó.

ÌBÉÈRÈ: Inú bí mi o. A rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn lọ sí páàkì kan, nígbà tá a dé géètì wọ́n ní àwọn ti tì í torí òjò. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tí wọn ò fi jẹ́ ká wọlé tá a bá gbà láti fara da ẹrẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ó dùn mí fún yín. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ o, ọ̀pọ̀ páàkì ló sì ń ṣe é lọ́dọọdún. Kaziranga ní Assam, ní India, máa ń ti ìlẹ̀kùn ní nǹkan bí oṣù karùn-ún títí wọ oṣù kẹwàá. Ranthambore, tí wọ́n ti ń wo ẹkùn, máa ń ti ibi tó pọ̀ jù nínú igbó ẹ̀ láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Erékùṣù Similan ní Thailand, àárín oṣù karùn-ún sí àárín oṣù kẹwàá, torí ìgbì òkun. Ní Corcovado ní Costa Rica, oṣù kẹwàá ni wọ́n sábà máa ń ti ibùdó Sirena.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹ lè fara da ẹrẹ̀ o. Ojú ọ̀nà tí mọ́tò bá gbà nígbà tó rọ̀ máa di kòtò, ẹni tó ń bọ̀ á yà á kó má bàa rì, á tún tẹ koríko mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó pẹ́ ọ̀nà kan á ti di mẹ́rin. Àwọn ẹranko náà nílò àlàáfíà díẹ̀. Ti Kaziranga yẹn tún wá yàtọ̀, torí odò Brahmaputra máa ń ya wọ inú páàkì, ó lè bo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àgbáǹréré oníwo kan tí wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2022 lé ní 2,600, nígbà tómi bá dé, àwọn àti erin àti àgbọ̀nrín máa sá gba òkè Karbi Anglong lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọdá títì márosẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀, débi pé wọ́n máa ń fi agbára mú àwọn awakọ̀ rọra sáré níbẹ̀ lásìkò náà. Ẹranko ń kú sínú omi yẹn, ó sì bani nínú jẹ́, àmọ́ omi yẹn kan náà ló ń gbé ilẹ̀ ọlọ́ràá wá, tó ń sọ adágún dọ̀tun, tó sì ń mú kí koríko tí àgbáǹréré ń jẹ hù. Láìsí i, igi ni ì bá ti gba ibẹ̀.

Lọ́jọ́ míì, kẹ́ ẹ tó sanwó ohunkóhun, ẹ pe ọ́fíìsì páàkì náà fúnra wọn. Ẹ má bi wọ́n pé “ṣé ẹ ṣí?”, ẹ bi wọ́n pé ọ̀nà wo ló ṣeé gbà lọ́sẹ̀ yìí, torí páàkì lè ṣí kó jẹ́ pé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dé gan-an ni wọ́n tì.

ÌBÉÈRÈ: Igbó kìjikìji ńkọ́, ìgbà wo ni ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn?

ÌDÁHÙN: Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ẹ̀ẹ̀rùn gidi, àwọn oṣù tójò ń dín kù ni wọ́n ní. Ní Bwindi ní Uganda, tí ìnàkí orí òkè tó kù láyé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì níbẹ̀, oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ àti oṣù kejìlá sí oṣù kejì ló gbẹ díẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́rẹ́, ó sì máa ń yọ̀, torí ẹ̀ ni mo fi máa ní kẹ́ ẹ mú àwọn oṣù yẹn, kì í ṣe torí ìnàkí, wọn ò lọ síbì kankan. Ní Borneo, erékùṣù ńlá kan ní Éṣíà, oṣù kọ́ lèèyàn ń wò, èso ni. Àwọn igi ńlá ibẹ̀ lè lo ọdún mélòó kan láìso, lẹ́yìn náà kí gbogbo wọn so pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àgbìgbò, ẹlẹ́dẹ̀ igbó àti orangutan, ìyẹn ìnàkí pupa ibẹ̀, á wá máa jẹun yó. Ọdún tí El Niño, ìyẹn ìgbà tí òkun Pàsífíìkì bá gbóná ju bó ṣe máa ń rí lọ, bá mú kí ilẹ̀ gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló sábà máa ń fà á. Ẹ ò lè fi kàlẹ́ńdà mú ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, èmi ń bẹ̀rù ẹ̀fọn àti àwọn kòkòrò. Àsìkò wo ni wọn ò sí?

ÌDÁHÙN: Kò sí àsìkò tí wọn ò sí rárá, àmọ́ wọ́n máa ń dín kù. Ẹ̀fọn tó ń fa ibà máa ń pọ̀ nígbà òjò àti lẹ́yìn tójò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, torí inú omi tó dúró ni wọ́n ń yé ẹyin sí, òru ló sì máa ń jẹni jù, torí náà nẹ́ẹ̀tì ṣe pàtàkì, kẹ́ ẹ sì rí dókítà kẹ́ ẹ tó lọ, ó máa sọ oògùn tó yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò sílẹ̀. Tó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè tó ń béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ gbà á ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, láti ọdún 2016 ni káàdì yẹn ti ń lo gbogbo ayé ẹni, ẹ ò ní láti tún un gbà.

Eṣinṣin tsetse, tó wà nínú ọ̀pọ̀ páàkì ọ̀dàn ní Áfíríkà, fẹ́ràn àwọ̀ búlúù àti dúdú, búlúù àti dúdú gan-an ni wọ́n fi ń ṣe pańpẹ́ tí wọ́n fi ń mú un. Ẹ má wọ àwọ̀ méjèèjì yẹn lọ, ẹ wọ àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ti ewé gbígbẹ, kó sì nípọn, torí ó lè gún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọlé. Mọ́tò tó ń sáré ló máa ń lé, kò mọ̀ pé kì í ṣe ẹfọ̀n.

Eṣúṣú ti ìgbà òjò ni, wọ́n pọ̀ ní Khao Yai ní Thailand, orí ilẹ̀ àti ewé ni wọ́n ń gbé, wọ́n á nà sókè bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa wá ẹsẹ̀ tó ń kọjá. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn, kẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ẹ̀. Tó bá ti mú yín, ẹ má da iyọ̀ sí i, ẹ má fi iná kàn án, torí ó lè bì sójú egbò, èékánná ni kẹ́ ẹ rọra fi ti ẹnu ẹ̀ tó tínrín kúrò lára. Ẹ̀jẹ̀ á ṣàn díẹ̀, kì í dunni.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi fẹ́ wakọ̀ fúnra ẹ̀ nínú páàkì nígbà òjò, ó ní jíìpù òun lágbára. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ilẹ̀ dúdú alámọ̀ tó wà ní ọ̀pọ̀ ọ̀dàn, tójò bá ti rọ̀ sí i, ó máa ń lẹ̀ mọ́ táyà títí táyà ò fi ní rí nǹkan tẹ̀ mọ́, jíìpù tó lágbára kàn máa rì jìnnà sí i ni. Omi tó bá ń ṣàn gba ọ̀nà kọjá, tẹ́ ẹ ò bá rí ìsàlẹ̀ ẹ̀, kí wọ́n yí mọ́tò padà. Ẹ sì má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ lọ fẹsẹ̀ wọn omi náà, ọ̀nì máa ń tẹ̀ lé ẹ̀kún omi dé ibi tí wọn kì í sí tẹ́lẹ̀. Tí àrá bá ń sán, ẹ jókòó sínú mọ́tò tó ní òrùlé irin, kẹ́ ẹ yí gíláàsì sókè, kò séwu, àmọ́ ẹ má dúró sábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Lójú tèmi o, kí wọ́n gba ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, kí àwọn náà sì ráyè wo ẹranko.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé páàkì kan wà tó ní ìgbà mẹ́fà lọ́dún? Mo gbọ́, mi ò gbà gbọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ gbà á gbọ́. Kakadu ni, ní àríwá Australia, ó tóbi tó nǹkan bí 20,000 kìlómítà níbùú lóròó. Àwọn Bininj àti Mungguy tó ni ilẹ̀ náà láti ayébáyé ló pín ọdún sí mẹ́fà, àwọn òṣìṣẹ́ páàkì náà sì ń lò ó báyìí. Gudjewg ni òjò ńlá, láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹta. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Banggerreng, ní nǹkan bí oṣù kẹrin, nígbà tí ìjì máa ń wó koríko gígùn lulẹ̀, omi á máa mọ́, ewéko á máa so. Ní Yegge, oṣù karùn-ún sí àárín oṣù kẹfà, afẹ́fẹ́ á tutù, kùrukùru á wà láàárọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun koríko díẹ̀díẹ̀. Wurrgeng ni òtútù, títí di àárín oṣù kẹjọ. Gurrung ni ooru gbígbẹ, tí ẹyẹ inú omi á kóra jọ yíká adágún tó kù lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Gunumeleng, láti àárín oṣù kẹwàá, ni ìgbà tí àwọsánmà ń ṣú, tí àrá ń sán lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, títí òjò ńlá á fi tún dé.

Kì í ṣe kàlẹ́ńdà ló ń sọ fún wọn pé ìgbà kan ti wọlé, ìjì, òdòdó tó yọ, àti ẹyẹ tó dé ni wọ́n ń wò. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, mo sì gbà pé gbogbo páàkì ló ní irú ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ń gbé lẹ́bàá ẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè. Tó bá jẹ́ pé wọ́tàfọ́ọ̀lù Jim Jim lẹ fẹ́ lọ wò níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé nígbà tómi ẹ̀ pọ̀ jù, ọ̀nà ẹ̀ ti wà lábẹ́ omi, inú ọkọ̀ òfuurufú nìkan lẹ ti lè rí i. Wọ́n máa ń ṣí ọ̀nà náà ní nǹkan bí oṣù kẹfà, lẹ́yìn tí àwọn réńjà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀nì ti wọ ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Fótò mi máa ń funfun báláú nígbà ọyẹ́. Ṣé kámẹ́rà ló bà jẹ́?

ÌDÁHÙN: Kò bà jẹ́. Eruku Sàhárà ló wà lójú ọ̀run láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Ẹ fi ohun tó jìnnà sílẹ̀, ẹ ya èyí tó sún mọ́ yín, àti àárọ̀ kùtù nígbà tí oòrùn ṣì pupa. Ojú ọ̀run tó mọ́ jù fún fótò ni wákàtí tójò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Tẹ́ ẹ bá sì ń ti yàrá tó ní ẹ́ńkọ́ńdíṣọ̀n bọ́ síta, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà ṣì wà nínú báàgì díẹ̀ kó lè gbóná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrì á bo gíláàsì ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, oṣù kejìlá nìkan níbi iṣẹ́ wa máa ń fún wa nísinmi. Níbo la lè lọ?

ÌDÁHÙN: Ibi tẹ́ ẹ lè lọ pọ̀. Kaziranga ti ṣí, ara ibẹ̀ sì tutù. Khao Yai gbẹ lásìkò náà, eṣúṣú ti dín kù, àmọ́ omi wọ́tàfọ́ọ̀lù náà ti ń fà. Corcovado ń bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bwindi dáa. Àwọn àdán Kasanka lè ṣì wà tẹ́ ẹ bá tètè lọ níbẹ̀rẹ̀ oṣù. Yankari àti Old Oyo National Park, níbi tí àwókù Ọ̀yọ́ Ilé wà, ẹ̀ẹ̀rùn ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ koríko lè ṣì ga, omi náà sì lè ṣì wà káàkiri, ẹ máa ní sùúrù láti rí ẹranko ju ti ẹni tó lọ lóṣù kẹta lọ. Ibi tí mi ò ní rán yín lọ lóṣù yẹn ni South Luangwa ní Zambia, torí ọ̀pọ̀ ibùdó ibẹ̀ á ti palẹ̀ mọ́ nítorí òjò, àti Kakadu, tí ọ̀pọ̀ ọ̀nà ẹ̀ á ti máa tì.

Oṣù kejìlá lèrò pọ̀ jù kárí ayé, yàrá máa ń tètè kún, ẹ ti gba tiyín sílẹ̀ láti bí oṣù kẹjọ. Tó bá sì jẹ́ Bwindi lẹ yàn, ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń rí ìnàkí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, torí iye èèyàn tí wọ́n ń jẹ́ kó wọlé lójúmọ́ ò pọ̀.